Oúnjẹ Alẹ́ fún Ẹni Tó Bọ́ Sílẹ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú: Láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tó ń gbé Ìkòròdú kì í sábà tètè délé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni bọ́ọ̀sì BRT ti ń ná Mile 12 sí Ìkòròdú, síbẹ̀ ilẹ̀ máa ń ṣú dáadáa kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó bọ́ sílẹ̀ ní Gáréèjì. Ẹ̀bá títì ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu ohun tí wọ́n máa jẹ lálẹ́. Bí aláta bá ń ka ata, àwọn oníbàárà á máa bi ara wọn léèrè: "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi ẹja yẹn sè?" Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ kì í wọ́n níbẹ̀. Ti ẹni tó wá rajà bíi tiyín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́, torí aláta kò ní sọ fún yín pé tòmátò òun ti dómi.

ṢẸ́RẸ́ SÍ ẸRẸ́NÀ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, tòmátò òkè Ọya sì máa ń pọ̀ ní Mile 12, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àsìkò ọbẹ̀ ata tí wọ́n á sè lọ́jọ́ Sunday kó lè gbé ọ̀sẹ̀ nìyí. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fíríìjì, ẹ ṣáà mọ bí iná NEPA ṣe rí. Ẹ se ata tí ẹ lọ̀ títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ tán, kẹ́ ẹ tó da òróró sí i, kẹ́ ẹ sì dín in títí òróró á fi léfòó. Omi ló ń ba ọbẹ̀ jẹ́. Tó bá di alẹ́, ẹ gbé e kaná kó hó dáadáa, ẹ dé e, kẹ́ ẹ má sì ṣí i mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣíbí tó ti kan ẹnu ò gbọdọ̀ wọ ìkòkò náà.

Àsìkò yìí kan náà ni ewùrà ń dé ọjà, ewùrà sì ni ìkọ́kọrẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé oúnjẹ òpin ọ̀sẹ̀ ni, torí rírin rẹ̀. Èmi ò gbà. Ewùrà kan tó mọ níwọ̀n kì í pẹ́ rin. Ẹ fi epo pa ọwọ́ yín kó má baà yún yín, ẹ bó o, ẹ rin ín lára gúrétà tàbí agolo tí wọ́n fi ìṣó lu. Ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ pò ó, ẹ má fi omi kankan kún un. Kó tó dìgbà yẹn, kí epo pupa, ata, edé àti ẹja gbígbẹ ti máa hó nínú ìkòkò, kí omi rẹ̀ má sì kéré. Ẹ máa fi ọwọ́ bù ú sínú rẹ̀ ní kúlúkúlú, ẹ dín iná kù, kẹ́ ẹ dé e. Ibi tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sè ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọn á ti ṣíbí bọ inú ìkòkò. Ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí kúlúkúlú náà dì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ rọra rò ó, kí díẹ̀ nínú kókó rẹ̀ ṣì ṣẹ́kù. Èyí tó bá kù di òwúrọ̀, ẹ̀bà tútù ni Ìjẹ̀bú fi ń jẹ ẹ́, gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa ló sì yẹ ẹ̀bà náà.

Ẹja tí ẹ máa fi se ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́? Ẹni tó bá ríbi dé Ẹ̀pẹ́, kó yà sí ọjà Olúwo kó ra ti ọ̀sà. Tó bá jẹ́ ẹja yìnyín ti Gáréèjì ni, ẹ wo ojú rẹ̀ kó má ti ṣú, ẹ ṣí iwọ rẹ̀ kó pupa. Ní ti ẹja gbígbẹ, ẹ ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ lójú yín kẹ́ ẹ rí inú rẹ̀.

Ààwẹ̀ Ràmàdáànì kì í dúró sójú kan: ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún. Nígbàkigbà tó bá bọ́ sí, ẹ se ti ìṣínu àti ti sáárì pọ̀ nínú ìkòkò kan.

IGBE SÍ AGẸMỌ. Òjò dé, tòmátò sì gbówó lórí. Lọ́dún 2016, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátò run lókè Ọya débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pàjáwìrì. Tàtàṣé àti àlùbọ́sà ló gba ọ̀pọ̀ ilé là nígbà náà, òun náà ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ̀fọ́ pọ̀ lásìkò yìí, àmọ́ iyanrìn ń bá a wá: ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ. Tí àgbàdo tútù bá ti jáde ní Òkúdù, ẹ se àdàlú. Ẹ̀wà ló ń kọ́kọ́ gorí iná.

ÒGÚN SÍ Ọ̀WÀRÀ. Iṣu ẹgbodò ti dé. Ẹ má fi gúnyán, omi rẹ̀ pọ̀ jù. Àsáró ni kẹ́ ẹ fi sè, tàbí kẹ́ ẹ dín in. Ìrẹsì náà ò jìnnà sí wa mọ́: oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ilé ìlọrẹsì ìjọba Èkó ní Ìmọ́tà.

BÉLÚ ÀTI Ọ̀PẸ. Ẹ̀wà tuntun ń ti òkè Ọya wọlé, ìgbà yìí ló sì tọ́ kẹ́ ẹ ra kóńgò bíi mélòó kan pa mọ́. Ẹ sá a kó gbẹ, ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì dẹ́nu, kẹ́ ẹ sì dé e pinpin kí atẹ́gùn má ráyè. Àwọn kan ń fọ́n oògùn apakòkòrò Sniper sí ẹ̀wà nítorí kòkòrò. Oró ni. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà. Ẹ gbóòórùn ẹ̀wà kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó bá ń rùn bí oògùn kòkòrò, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.