Edé Aláìlárùn àti Edé Afaradàrùn: Ọ̀rọ̀ Méjì tí A Kò Gbọdọ̀ Dà Pọ̀

Bí iṣẹ́ sísin edé nínú adágún ti ń gbilẹ̀ káàkiri àgbáyé ni ọ̀rọ̀ tuntun ń wọ inú ìwé tí àwọn ògbufọ̀ ń túmọ̀ fún ọlọ́sìn àti akẹ́kọ̀ọ́. Méjì nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ó rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo túmọ̀ wọn. Irú àṣìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ lè sọ owó ọlọ́sìn dòfo.

Èrò tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí àgbẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó ṣa àgbàdo tí ó yọmọ jù, tí ó gbé e kọ́ òkè ààrò de òjò àkọ́rọ̀, ìyàngbìn ni ó ń ṣe. Bí ti ohun ọ̀gbìn bá jẹ́ ìyàngbìn, ó yẹ kí ti ohun ọ̀sìn jẹ́ ìyànsìn: yíyan akọ àti abo tí àbùdá wọn dára láti bí ìran tí ń bọ̀.

Ní 1992, ní agbègbè odò Taura ní Ẹ̀kùàdọ̀, a ṣàkíyèsí àrùn kan tí fáírọ́ọ̀sì ń fà lára edé funfun ti Òkun Pàsífíìkì. A máa pa 40 sí 90 nínú 100 ọmọ edé inú adágún tí ó bá wọ̀. Àwọn onímọ̀ Oceanic Institute ní Hawaii wá bẹ̀rẹ̀ ìyànsìn. Ìròyìn tí a tẹ̀ jáde ní 2002 fi hàn pé, lẹ́yìn ìran kan ṣoṣo, ẹ̀ka tí a yàn fún ìdàgbà nìkan fi nǹkan bí 21 nínú 100 tóbi ju èyí tí a kò yàn lọ. Ẹ̀ka tí a yàn ní pàtàkì nítorí àrùn Taura là á já ju èyí tí a kò yàn lọ ní nǹkan bí 18 nínú 100, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kéré díẹ̀.

Ẹ̀ka kejì yìí ni edé afaradàrùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa jogún rẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí orúkọ àrùn máa tẹ̀ lé e, nítorí pé ẹni tí ó fara da Taura kò torí bẹ́ẹ̀ fara da àrùn àmì funfun, èyí tí ó wọ Ẹ̀kùàdọ̀ ní 1999.

Ti edé aláìlárùn yàtọ̀. Ibi tí a ti tọ́ ọ ni ó fún un ní orúkọ: a yẹ̀ ẹ́ wò léraléra fún àwọn àrùn kan tí a kà sílẹ̀, a kò sì rí ọ̀kankan. Bí a bá dà á sínú adágún tí àrùn wà, ó lè kú bí èyíkéyìí mìíràn. Ìtumọ̀ tí ó bá pè é ní edé tí àrùn kì í mú ti ṣèlérí ohun tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni olùkọ́ lè fi ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: ǹjẹ́ ọmọ edé náà yóò jogún rẹ̀? Bí yóò bá jogún rẹ̀, àbùdá ni. Bí kò bá ní jogún rẹ̀, ipò lásán ni.