Ẹ̀ẹ̀rùn Tí Kò Lóòrùn

Nínú oṣù kẹfà, òjò Èkó kì í gba ẹ̀bẹ̀. Á rọ̀ mọ́júmọ́, á gba títì lọ́wọ́ ọkọ̀, á lé àwọn tó ń tajà létí gọ́tà wọ abẹ́ ilé onílé. Òjò oṣù kan yẹn nìkan máa ń lé ní 300 mìlímítà. Ṣùgbọ́n bí oṣù keje bá ti ń rèbi tí yóò parí, òjò á káwọ́ dúró lójijì. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn kó jù bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ á gbẹ, ẹrọ̀fọ̀ á di eruku. Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì lorúkọ tí tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ẹni tí kò bá mọ ìwà rẹ̀ á rò pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Ẹ̀ẹ̀rùn wo ni yóò wà láìsí oòrùn? Láti àárọ̀ dalẹ́ ni ìkùukùu ń bo ojú ọ̀run bí eérú tó bo iná, tí òjò á sì ṣú tí kò ní rọ̀. Bó bá tilẹ̀ rọ̀ pàápàá, wẹliwẹli lásán ni, kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ wá agboòrùn. Afẹ́fẹ́ tútù ń ti ojú òkun wá. Ní Èkó, oṣù kẹjọ yìí ló tutù jù nínú ọdún: ooru ọ̀sán kì í sábà ju nǹkan bí ìwọ̀n 28 lọ, nígbà tó jẹ́ pé nínú oṣù kẹta ó lè dé 33. Àwọn ọmọ tó wà ní họlidé á máa wọ súwẹ́tà káàkiri àdúgbò, imú á sì máa ṣàn.

Ìyàwó ilé tó fọṣọ lọ́jọ́ Sátidé lè má ká a kúrò lórí okùn títí di Mọ́ńdè, kó sì tún máa gbóòórùn ọ̀rinrin. Ẹni tó sá láfún ní tirẹ̀ ni mo máa ń káàánú jù: àìsí òjò ti tàn án, àìsí oòrùn á sì jẹ́ kí láfún bu mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọyẹ́ kì í hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ á la ètè, á fa ẹsẹ̀ ya, ṣùgbọ́n ohun tí a bá sá sínú rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ohun méjì ló ń fa ìsinmi òjò yìí. Àkọ́kọ́ ni pé òjò ilẹ̀ wa ń tẹ̀ lé oòrùn. Afẹ́fẹ́ olómi tó ń ti òkun bọ̀ máa ń ti afẹ́fẹ́ gbígbẹ aṣálẹ̀ Sàhárà sẹ́yìn lọ sókè, nígbà tó bá sì fi máa di oṣù kẹjọ, ibi tí òjò ti ń lágbára jù ti kọjá lórí wa, ó ti dé ọ̀nà Kánò àti Sókótó. Ìkejì wà nínú òkun fúnra rẹ̀. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ti ìsàlẹ̀ òkun yọ sókè létíkun Gánà àti Côte d'Ivoire. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi tútù kọjá kì í lè gòkè tó bó ṣe yẹ, ìkùukùu rẹ̀ á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ lókè, kò ní di òjò ńlá. Àwọn apẹja Gánà kò ráhùn o. Omi tútù yẹn ló ń gbé oúnjẹ ẹja wá sókè, ìgbà náà sì ni ṣáwá ń ya bo àwọ̀n wọn.

Ìdí nìyẹn tí oṣù kan náà kò fi rí bákan náà níbi gbogbo. Ẹ pe ẹbí yín tó wà ní Kánò nínú oṣù kẹjọ, kí ẹ sọ fún un pé òjò ti dá. Ó lè máa ti ẹnu ọ̀nà tí omi ti dí dá yín lóhùn, torí oṣù tí òjò wọn pọ̀ jù nìyẹn. Ní Ìlọrin, ìsinmi náà wà, kò kàn fi bẹ́ẹ̀ hàn. Téèyàn bá ti kọjá odò Ọya lọ sókè, kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ní Kàlàbá ńkọ́? Òjò ibẹ̀ ń sún mọ́ 3,000 mìlímítà lọ́dún, ìsinmi oṣù kẹjọ kò sì ní kí ilẹ̀ gbẹ.

Ìwọ̀ oòrùn ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Èkó gba Sẹ̀mẹ̀, tó kọjá ní Kútọnu títí dé Lomé, á rí i pé bí òun ṣe ń lọ ni igi ń kéré sí i. Igbó ńlá tó wà lọ́dọ̀ wa já níbẹ̀, ilẹ̀ ọ̀dàn wá ń dé etíkun, igbó kò sì tún padà di igbó títí a ó fi wọ Gánà dáadáa. Lomé wà létí òkun bí Èkó, síbẹ̀ òjò rẹ̀ kì í sábà tó 1,000 mìlímítà lọ́dún. Ní ọ̀nà Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Benin ń gbé, igi oṣè ń dàgbà níbi tí a ì bá ti retí ìrókò.

Àgbẹ̀ wa ti fi ìsinmi yìí pín ọdún sí méjì tipẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ló gbin àgbàdo tí a ń sè, tí a ń sun jẹ pẹ̀lú àgbọn. Òjò àrọ̀kúrò ló ń gbin ti ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹ̀wà, kí ẹ̀wà lè gbó sínú ẹ̀ẹ̀rùn. Àárín wọn ni wọ́n ń túnlẹ̀ ṣe. Àwọn olóko kòkó náà ń retí rẹ̀, nítorí òjò tí kò bá dá rárá ń jẹ́ kí kòkó rà dúdú lórí igi. Iléeṣẹ́ ojú ọjọ́, NiMet, sì máa ń kéde níbẹ̀rẹ̀ ọdún iye ọjọ́ tí wọ́n rò pé ìsinmi náà yóò gbà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lápá ibí.

Ìparí ìsinmi náà ni kí a bẹ̀rù. Òjò tó lọ sókè kò pẹ́ padà, gọ́tà tó ti gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì ti di ààtàn. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn, èèyàn tó lé ní 200 bá a lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ nílùú náà, ó wó afárá, èèyàn tó lé ní 100 kú. Nítorí náà, bí òjò bá ti dá, ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà iwájú ilé yín kí òjò tó padà dé, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má sì kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kan náà.