Ìjọba Nínú Ọjà Àgbáyé: Ẹjọ́ Sìmẹ́ńtì Ọdún 1975

Bí ènìyàn kan bá ra ọjà ní Ìkàrẹ́ tí ó sì kọ̀ tí kò sanwó, ẹni tí ó tà á mọ ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó rà á bá jẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè kan, tí ẹni tí ó tà á sì jẹ́ ilé-iṣẹ́ òkèèrè, ta ni yóò dá ẹjọ́ wọn? Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà wà lára ohun tí ó mú kí ayé rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

Òfin àtijọ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ni pé ọba kì í dá ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́. Gbogbo orílẹ̀-èdè olómìnira ni ó dọ́gba. Nítorí náà, ilé-ẹjọ́ ọ̀kan kò ní àṣẹ lórí èkejì. Òfin náà dára fún ọ̀rọ̀ ogun àti ìṣèlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìjọba fúnra wọn di oníṣòwò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di asà fún ajigbèsè.

Ní ọdún 1975, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, owó epo ń wọlé, iṣẹ́ ìkọ́lé sì pọ̀. Ìjọba ra sìmẹ́ńtì tí ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni èbúté Èkó kò lè gbà ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ lọ́dún. Ọkọ̀ òkun tí ó ju 400 lọ tò sí ẹnu omi Èkó, sìmẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ wọn sì kó. Gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fi dúró ni owó ìdádúró ń gorí ara wọn. Nígbà tí ìjọba Murtala Muhammed gba àkóso ní oṣù keje ọdún náà, ó dá ọkọ̀ púpọ̀ dúró, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà sì kọ̀ láti san àwọn owó kan tí ó ti fi ìwé ṣe ìlérí rẹ̀.

Trendtex, ilé-iṣẹ́ kan láti Switzerland, pe báńkì náà lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ìlérí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ti 240,000 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì, ní dọ́là 60 fún tọ́ọ̀nù kan. Báńkì náà wí pé apá kan ìjọba ni òun, àti pé bárékè àwọn ọmọ-ogun ni wọn yóò fi sìmẹ́ńtì náà kọ́. Adájọ́ àkọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wí pé báńkì náà dá dúró ní tirẹ̀. Méjì nínú wọn, tí Lord Denning jẹ́ ọ̀kan, tún fi kún un pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ apá ìjọba, òwò ni ó ṣe. Kì í ṣe ohun tí a fẹ́ fi ọjà ṣe ni òfin ń wò. Irú ìwà tí a hù nígbà tí a rà á ni. Ìjọba tí ó bá wọ ọjà, adé rẹ̀ kò lè gbà á lọ́wọ́ gbèsè. Amẹ́ríkà ti fi irú èyí sínú ìwé òfin ní 1976; ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní 1978.

Ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni òfin yìí. Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ P&ID bá Nàìjíríà ṣe àdéhùn ogún ọdún lórí gáàsì. Ilé-iṣẹ́ náà kò kọ́ ibi iṣẹ́ rárá. Síbẹ̀, ní 2017, ìgbìmọ̀ onílàjà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là fún un, èlé sì gbé e kọjá bílíọ̀nù 11. Nàìjíríà kò sá fún ilé-ẹjọ́. Ó wá ẹ̀rí jọ, ó sì fi hàn pé rìbá àti irọ́ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Robin Knowles gbà pé èrú ni wọ́n fi gba ìdájọ́ náà.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìjọba bá tọwọ́ bọ̀ ní ọjà àgbáyé rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí gbèsè bá dé, kì í ti àpò ẹni tí ó tọwọ́ bọ ìwé jáde. Inú àpò kan náà tí owó oṣù olùkọ́ àti owó títún ọ̀nà ṣe ní ilẹ̀ Àkókó ti ń jáde ni yóò ti wá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àdéhùn kì í ṣe ti agbẹjọ́rò nìkan.