Ẹ̀ṣọ́ Ẹṣin

Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Ẹṣin ní tirẹ̀ nírù, ìrù náà gùn, ó sì kún, síbẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ eṣinṣin amùjẹ̀, nítorí ìrù kò lè dé àyà, kò lè dé abẹ́ ikùn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀tá sì yàn láàyò. Ẹni tó bá mọ̀ pé àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́, tí pátákò ẹṣin wọn ń mi ilẹ̀ ọ̀dàn tìtì, lè rọ́wọ́ mú nínú igbó kìjikìji, kò ní fojú di kòkòrò tó ń fò.

Ní agbègbè Ocala, ní ìpínlẹ̀ Florida nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹṣin eré ìje, eṣinṣin ńláńlá a máa ti etí àbàtà jáde wá nígbà ooru. Abo wọn nìkan ní í mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹyin inú rẹ̀. Omi òdòdó ló tó akọ. Ẹnu abo náà mú bí abẹ: ńṣe ló ń la awọ, tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ṣàn, a lá a. Bí ẹṣin bá gbọnra lé e kúrò, ara ẹṣin kejì ló máa bà lé, tòun ti ẹ̀jẹ̀ tútù lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn ṣe ń ti ara ọ̀kan bọ́ sára èkejì.

Ìgbà náà ni akọni yọ. Agbọ́n ni, agbọ́n dúdú abilà-ìyeyè, ọdẹ ọ̀sán gangan tí oòrùn kì í lé wọlé, tí gígùn rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹṣin ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, 70 jagunjagun ni wọ́n, orí ẹṣin ni wọ́n ti ń ṣọ́ ilẹ̀ ọba. Ẹ̀ṣọ́ tiwa yìí, ẹṣin ló ń ṣọ́. Yóò máa yí i po, yóò gba abẹ́ ikùn, yóò gba ẹ̀gbẹ́ itan, eṣinṣin tó bá sì fẹ́ bà, yóò já a gbà, yóò ta á, yóò gbá a mọ́ àyà gbé lọ. Kì í ṣe òun ni yóò jẹ ẹ́. Ó ti gbẹ́ ihò sínú iyanrìn níbi tí oòrùn ń pa, ó ti yé ẹyin kan ṣoṣo síbẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ń gbé eṣinṣin wọlé tọ̀ ọ́, títí yóò fi yó.

Ohun tó dùn mí ni pé àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin rẹ̀, oògùn apakòkòrò ló ń sáré lọ gbé. Agbọ́n yìí kì í ta ẹṣin, kì í sì í ta ènìyàn, àfi ẹni tó bá fọwọ́ mú un. Oògùn náà ń pa ọdẹ àti ẹran papọ̀: abo eṣinṣin kan a máa yé ẹyin tó ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sórí ewé etí omi, kò ní pẹ́ dí àlàfo, agbọ́n tí ń tọ́ ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Olóko tó bá gbọ́n a fi igun oníyanrìn sílẹ̀ láìtú, a sì máa kó koríko tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ti bàjẹ́ kúrò nílé ẹṣin, kí àwọn eṣinṣin kékeré tí ń jẹ ẹṣin lẹ́sẹ̀ má bàa ríbi yé sí.