Òmìnira olùkọ́ fásitì: Kí ló kan aráàlú níbẹ̀?

Tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba tú ìgbìmọ̀ alákòóso fásitì kan ká, tàbí pé wọ́n lé olùkọ́ kan nítorí ohun tó sọ, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ìjà àwọn alákọ̀wé nìyẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò mọ sínú ọgbà fásitì. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Kí ni òmìnira yìí gan-an?

Òun ni pé kí olùkọ́ lè ṣe ìwádìí, kó kọ́ni, kó sì sọ ohun tó rí, láì bẹ̀rù pé iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ òun torí pé inú alágbára kan kò dùn sí i. Kì í ṣe pé kí olùkọ́ máa ṣe bó ṣe wù ú o. Olùkọ́ tó ń ta máàkì, tàbí tó ń fi ìbálòpọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ lára, òmìnira yìí kò bò ó.

Ta ló láṣẹ lórí kí ni?

Òfin ọdún 2003 lórí àwọn fásitì ìjọba àpapọ̀ là á sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ alákòóso ló ń darí fásitì, òun náà ló ń yan ọ̀gá àgbà. Sẹ́néètì fásitì, níbi tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà, ló láṣẹ lórí ẹ̀kọ́, ìgbaniwọlé àti ìbáwí akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún mẹ́rin ni sáà ìgbìmọ̀ alákòóso. Ààrẹ kò gbọdọ̀ tú u ká àfi tó bá hàn pé kò mọ iṣẹ́, tó sì ń hùwà ìbàjẹ́.

Ibo wá ni ìṣòro wà? Ìjọba ló ń yan alága ìgbìmọ̀ náà àti àwọn kan nínú ọmọ ìgbìmọ̀, ìjọba náà ló ń san owó oṣù. Àwọn àgbà sì ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tú àwọn ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ká ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, tàwọn fásitì bá a lọ. Ó di ọdún 2024 kí wọ́n tó yan tuntun. Ẹgbẹ́ ASUU pariwo pé ìyẹn tako òfin.

Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí?

Ó pẹ́ tó ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà wàhálà òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn, Wole Soyinka kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Fásitì Ifẹ̀ torí pé àwọn aláṣẹ fẹ́ kí àwọn olùkọ́ máa ṣe ti ìjọba.

Lọ́dún 1965, ìgbìmọ̀ Fásitì Èkó kọ̀ láti dá Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku padà sípò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sẹ́néètì ń fẹ́ ẹ. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yarí, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀yà, wọ́n ti fásitì pa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gún Ọ̀jọ̀gbọ́n Saburi Biobaku tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lọ́bẹ. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ní Ilorin, lọ́dún 2001, fásitì lé olùkọ́ 49 lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ASUU. Ọdún 2009 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó ní kí wọ́n dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ro ohun tí ọdún mẹ́jọ láìsí owó oṣù lè ṣe sí ilé olúkúlùkù wọn.

Kí ló wá kàn yín?

Àwọn ọ̀gá àgbà fásitì àti ọ̀jọ̀gbọ́n ni àjọ INEC máa ń lò láti kéde èsì ìbò. Tó bá jẹ́ olóṣèlú ló fi ẹnì kan sípò, ta ló máa fọkàn tán nọ́ńbà tó bá kà jáde? Bákan náà, tí omi kànga àdúgbò yín bá ń rùn nítorí ilé iṣẹ́ kan, olùkọ́ fásitì lẹ máa gbé e lọ bá pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Tẹ́rù bá ń bà á, kò ní sọ ohun tó rí.

Kí la lè ṣe? Àwọn tó ti jáde ní fásitì ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ alákòóso. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú yín: ìgbà wo ni sáà ìgbìmọ̀ yìí máa parí? Báwo la ṣe yan ọ̀gá àgbà? Tí wọ́n bá lé olùkọ́ kan, ṣé wọ́n gbọ́ tẹnu ẹ̀ kí wọ́n tó lé e?