Ohun Tí Ń Bọ́ Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Lè Yan Mọ́dábọ́ọ̀dù Tí Kò Ní Gbóná Jù

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ́ gírámà àti ewì alohùn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ iná àti ooru ni mo gbé wá lónìí. Ohun tí ojú mi rí ni ó fà á.

Mo ní kọ̀ǹpútà kan ní ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo fi ń da àwọn téèpù àtijọ́ kọ, tí mo sì fi ń fọ ariwo kúrò nínú wọn. Ohùn àwọn àgbà tó ń pe ẹ̀sà egúngún àti àwọn tó ń sun ìjálá ni ó wà nínú téèpù wọ̀nyí. Iṣẹ́ náà ń falẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ bá mi mú kí kọ̀ǹpútà náà yára sí i. Inú mi dùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, òórùn ohun tí ń jó gba inú yàrá kan, kọ̀ǹpútà náà sì kú lójijì. Ẹ̀sà tí mo ń dà kọ lọ́wọ́ kò tíì sí ní ìpamọ́. Nígbà tí mo tún gbé téèpù náà sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ti gbó ju kí ó tún yí lọ, ó já. Ẹni tí ó pe ẹ̀sà náà ti di ará ọ̀run.

Ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tú u wò, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Ọpọlọ rẹ̀ kò kú. Ohun tó ń bọ́ ọpọlọ ni ó jóná.” Gbólóhùn yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wa.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe gan-an? Gbogbo ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni ó ní ìwọ̀n eré tí àwọn tó ṣe é fún un. A lè mú un sáré ju ìwọ̀n yìí lọ. Ọ̀yọ́ mọ ẹṣin, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a pe àṣà yìí ní gígún ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní kẹ́sẹ́. Ẹṣin tí a bá gún ní kẹ́sẹ́ yóò sáré, ṣùgbọ́n yóò jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yóò sì làágùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kọ̀ǹpútà. Bí a bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún eré rẹ̀, tí a sì fi ìdá mẹ́wàá kún fólíìtì rẹ̀ kí ó lè gbé eré náà, iná tí yóò máa jẹ yóò fi nǹkan bí ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ìdí ni pé iná tí ó ń jẹ ń bá eré lọ ní ọgbọọgba, ṣùgbọ́n bí fólíìtì bá lọ sókè, ẹ̀ẹ̀mejì ni a óò fi ìlọsókè náà sọ ọ́ di púpọ̀: 1.1 lọ́nà 1.1 lọ́nà 1.1 jẹ́ 1.331.

Ta ni ó ń gbé oúnjẹ yìí fún ọpọlọ? Gbogbo wa ni a mọ sìtébíláísà tí a ń lò nínú ilé nítorí iná tí kì í dúró lójú kan. Irú rẹ̀ kékeré kan wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọpọlọ jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní aṣètò-iná. Iná fólíìtì 12 ni páwápáàkì ń gbé wá, ọpọlọ kò sì fẹ́ ju fólíìtì kan àti díẹ̀ lọ. Aṣètò-iná ni ó ń sọ 12 di ìwọ̀n kékeré náà. Bí ọpọlọ bá ń jẹ 180 wáàtì ní fólíìtì 1.2, áńpíà 150 ni yóò máa gba inú aṣètò-iná kọjá. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ, tí ó jẹ́ 1,000 wáàtì, kì í lò tó áńpíà 5 lára iná ilé tí ó jẹ́ fólíìtì 230.

Kò sí alágbàtà tí kì í jẹ èrè. Bí aṣètò-iná bá gba 200 wáàtì, tí ó sì gbé 180 fún ọpọlọ, 20 tó kù ti di ooru lára rẹ̀. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní irin kékeré tí wọ́n fi ń yọ́ òjé, púpọ̀ nínú wọn kò ju 30 wáàtì lọ. Ẹ wá ro irú ooru bẹ́ẹ̀ láàárín ohun tí kò ju ìka díẹ̀ lọ ní gígùn.

Ibi tí a ń gbé tún dá kún un. Láti ìgbà tí a ti dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1990, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá báyìí, kọ̀ǹpútà ti pọ̀ nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dán mọ́dábọ́ọ̀dù wò lókè òkun sábà máa ń ṣe é nínú yàrá tí kò ju ìwọ̀n Celsius 22 lọ. Lọ́sàn-án ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, yàrá lè gbóná dé 35. Aṣètò-iná tí ó fi ìwọ̀n 65 gbóná ju yàrá lọ yóò wà ní 87 lọ́dọ̀ tiwọn, yóò sì wà ní 100 lọ́dọ̀ tiwa. Bẹ́ẹ̀, bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 pọ̀ sí i, ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ olómi a máa dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Eruku ìgbà ọyẹ́ a sì tún dí ojú ibi tí ooru ń gbà jáde.

Báwo ni a ó ṣe wá yan èyí tó dára? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ohun mẹ́rin ni kí a wò.

Èkíní, iye ọwọ́ tí ń gbé ẹrù. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Aṣètò-iná máa ń pín sí abala-abala. Bí abala mẹ́rin bá pín áńpíà 150, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbé 37.5, bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá, 15 ni. Ẹ má kàn ka kọ́ìlì lójú lásán o, nítorí àwọn kan wà lára wọn tí kì í ṣe ọpọlọ ni wọ́n ń bọ́.

Èkejì, agbára abala kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ìwé mọ́dábọ́ọ̀dù náà. Abala tí ó lè gbé áńpíà 90 yóò gbé 15 bí ẹni gbé ìyẹ́.

Ẹ̀kẹta, irin tí ń fa ooru kúrò. Kí ó wúwo, kí ó sì ní ojú pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá. Ike tí a kùn ní ọ̀dà mèremère kì í fa ooru. Ńṣe ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àṣẹ àti afẹ́fẹ́. Kì í ṣe gbogbo mọ́dábọ́ọ̀dù ni ó gbà kí a gún ọpọlọ ní kẹ́sẹ́. Fún ọpọlọ Intel, èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z ni ó sábà máa ń gbà á. Fún AMD, B àti X sábà máa ń gbà á, A kò gbà á. Ẹni tí ó bá sì fi omi tu ọpọlọ lára gbọ́dọ̀ wá fáànù mìíràn fún aṣètò-iná, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ fáànù ọpọlọ tí yóò máa fẹ́ sí i mọ́.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ wo orí àwọn kàpásítọ̀. Èyí tí orí rẹ̀ bá wú ti ń kú lọ. Bí ẹ bá sì ti tò ó tán, ọ̀sán gangan ni kí ẹ dán an wò, kì í ṣe òru. Ẹ fún un ní iṣẹ́ líle fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì ka ìwọ̀n ooru aṣètò-iná rẹ̀. Bí ó bá ti ń súnmọ́ 100, ẹ dín fólíìtì kù.

Ní ìparí, ẹ bi ara yín bóyá eré náà tilẹ̀ pọn dandan. Ẹni tí kò ṣe ju kí ó tẹ ìdánwò lọ kò nílò kẹ́sẹ́. Èmi ti ra mọ́dábọ́ọ̀dù mìíràn, alábala mẹ́wàá, onírin wíwúwo, n kò sì gún ọpọlọ rẹ̀ ní kẹ́sẹ́ rárá. Ó ń rọra ṣiṣẹ́ lọ, lálaalẹ́ ni mo sì ń ṣe ẹ̀dà ohun tí mo bá dà kọ. Mọ́dábọ́ọ̀dù tó jóná, owó ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀sà tó bá téèpù lọ, kò sí ọjà tí a ti ń ta á.