Ìkògòsì: Bí Omi Méjì Ṣe Sọ Ìlú Kékeré Di Ìlú Olókìkí

Àárín òkè àti igbó ni Ìkògòsì-Èkìtì wà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, kò sì jìnnà sí Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Kò sí ilé gogoro níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìlú ló sì ń ṣiṣẹ́ àgbẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti omi, ẹni tó ń gba ọ̀nà náà kọjá lè má yà síbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n omi wà: ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù, àwọn méjèèjì sì ń ṣàn wá pàdé ara wọn lójú gbogbo ayé.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá gbé ilé olórogún rí. Ọkùnrin kan ló ní ìyàwó méjì. Ọ̀kan nínú wọn kì í pẹ́ bínú, ìjà ò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ní sùúrù, ara rẹ̀ balẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ariwo ń sọ nínú ilé, títí tí ọ̀rọ̀ fi bẹ́yìn yọ. Oníbìínú di omi gbígbóná, onísùúrù di omi tútù, ọkọ fúnra rẹ̀ sì di òkè tó dúró tì wọ́n. Èmi ò tíì gbọ́ kí wọ́n bi ọkọ yìí léèrè ìpín tirẹ̀ nínú ìjà náà. Wọ́n kàn sọ ọ́ di òkè, ẹjọ́ sì parí.

Àwọn ìwé kan tí wọ́n kọ fún àwọn arìnrìn-àjò sọ pé Ẹni-ọ̀wọ̀ John McGee, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí omi náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ẹ̀rín ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń pa mí. Omi tí àwọn baba ńlá ìlú ti ń wẹ̀, tí wọ́n ti gbà pé ó ń wo àìsàn, tí wọ́n sì ti fi ìtàn orogún sọ ìdí rẹ̀, kí ló kù níbẹ̀ tí àlejò fẹ́ ṣàwárí? Iṣẹ́ tí McGee ṣe yàtọ̀ sí ìyẹn, ó sì yẹ kí á fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òun ló rí i pé èèyàn lè wá láti ọ̀nà jíjìn, kí ó sùn síbẹ̀, kí ó wẹ̀, kí ó sì sinmi. Ó kọ́ àgọ́ síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá fún ìpàdé àti ìgbafẹ́. Àwọn wọ̀nyí ló gbé òkìkí Ìkògòsì padà sí ilé wọn káàkiri.

Kí ló wá mú omi gbóná? Òkè oníná kankan kò sí lábẹ́ Ìkògòsì. Òjò tó ń rọ̀ sórí àwọn òkè tó yí ìlú ká ló ń wọ inú ilẹ̀ lọ. Àpáta tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quartzite ló pọ̀ níbẹ̀. Ó le koko, àmọ́ ó ti sán níbi púpọ̀, ojú sísán náà sì jìn wọlẹ̀ gan-an. Bí a bá sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ilẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i, gbogbo ẹni tó bá ti wa kùsà tó jìn rí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi òjò á lọ débi tí ooru ilẹ̀ ti yá a, á wá bá ojú sísán mìíràn gòkè padà. Kí ó tó tutù tán, ó ti yọ sójú ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè. Omi tútù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò rin ìrìn tó jìn tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó jáde.

Níbí ni mo ti ní ọ̀rọ̀ kan bá àwọn tó ń polówó ibẹ̀ sọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ìpolówó ló ń sọ pé omi náà gbóná tó 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì níbi tó ti ń sun, kó tó wálẹ̀ sí 37. Omi tó bá gbóná tó 70, bíbó ló máa bó èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ojú ìsun, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́: ọwọ́ yín ò ní bó, ẹ ò tilẹ̀ ní fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Àwọn onímọ̀ tó gbé òṣùwọ̀n lọ síbẹ̀, bíi Rogers, Imevbore àti Adegoke tí wọ́n tẹ àyẹ̀wò wọn jáde ní ọdún 1969, nǹkan bí 37 ni wọ́n bá lójú ìsun gan-an. Bẹ́ẹ̀, 37 yìí ni ìwọ̀n ooru ara ẹni tí ara rẹ̀ le. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè jókòó sínú rẹ̀ pẹ́ láìjẹ́ pé ó ń gbọ̀n tàbí pé ó ń làágùn. Adùn Ìkògòsì nìyẹn, kò sì nílò irọ́ kankan láti bù kún un.

Wọ́n tún máa ń sọ pé omi méjèèjì kì í dàpọ̀ láéláé. Èyí ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Níbi tí wọ́n ti pàdé, tí ẹ bá ki ẹsẹ̀ kan sápá ibí, tí ẹ ki èkejì sápá ọ̀hún, ẹsẹ̀ kan á lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì á tutù. Àwọn ọmọdé kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀; wọ́n á pààrọ̀ ẹsẹ̀, wọ́n á tún pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á máa pariwo. Ṣùgbọ́n bí odò náà bá ti rìn síwájú, ó ti di ọ̀kan.

Ọwọ́ ìjọba pọ̀ lára ibẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ìkògòsì wà láti 1976, kó tó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkìtì nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1996. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń rọ omi náà sínú ìgò tà, Gossy ni orúkọ tí ọjà mọ̀ ọ́n sí, ilé-iṣẹ́ UAC sì lọ́wọ́ sí i. Ní sáà àkọ́kọ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láti 2010 sí 2014, wọ́n tún àwọn ilé ìgbàlejò ṣe, wọ́n tún ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti adágún ìwẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún ṣá díẹ̀. Nígbà tí Fáyẹmí tún padà di gómìnà, wọ́n fà á lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ láti máa bójú tó o.

Ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù láti lọ. Òtútù á ti mú ara, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á wá bá a mu. Ẹni tó bá ní àyè sí i lè yà sí ìtàkìtì omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò, tàbí kó gba Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ wo Olúmirin, tó ní ìpele méje. Kí ó wọ bàtà tí kì í yọ̀, kí ó sì jẹ iyán kó tó padà sílé. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ gun òkè Olúmirin kó tó jẹ ẹ́.